Ilé-Iṣẹ́ Tí Wọn Ò Kọ́ Rí Tó Jóná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ rí, tí wọn ò to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì nítorí rẹ̀, tí ò ní ìlẹ̀kùn, tí ò ní fèrèsé. Báwo ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè jóná? Báwo ni ẹni tó ni ín, ẹni tí ìyá kankan ò bí, ṣe lè kó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sá lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì? Àwọn àgbà ilé wa gbà pé ó jóná. Wọ́n gbà pé ó sá lọ. Tìtorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní mi ò gbọdọ̀ fẹ́ Wagdi. Ilé ọba tó jó, wọ́n ní ẹwà ló bù sí i. Èyí tó jó lójú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ìgbéyàwó mi ló kù díẹ̀ kó jó mọ́ ọn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, àmọ́ tí mo bá rántí, inú ṣì máa ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí eyín ìyá mi.

Eyín àtọwọ́dá ni màmá mi, Alhaja Samiha, ń lò, eyín náà ò sì dúró dáadáa lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, eyín á fẹ́ẹ́ ṣáájú ẹ̀rín jáde. Dókítà ní ká gbé e padà fún ẹni tó ṣe é ní àdúgbò Muharram Bey, níbí ní Alẹkisáńdíríà, kó bá wa tún un ṣe. Èmi ni wọ́n rán. Mo gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá, mo bá ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ funfun, tí ẹfun sì kún irun ojú rẹ̀. Wagdi nìyẹn. Ó gba eyín lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ó ní, “Ẹni tó ni eyín yìí máa ń sọ̀rọ̀ gan-an.”

Mo ní, “Ìyá mi ni.”

“Ẹ má bínú.”

“Òótọ́ lẹ sọ.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá eyín náà. Èmi ń wo inú ṣọ́ọ̀bù. Láàárín àwọn àgbọ̀n ẹfun tó fi ń wọn eyín, tí wọ́n tò sórí pákó, mo rí ọkùnrin kékeré kan tí ò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọlangidi oníke ni, irú èyí tí àwọn ọmọkùnrin fi ń ṣeré ogun, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí. Ṣùgbọ́n èyí ò mú ìbọn dání. Aṣọ awakọ̀ táráàmù, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín ìlú, ni wọ́n kùn sí i lára, aṣọ ayé àtijọ́ tó ní bọ́tìnnì wúrà, ó dé fìlà, ó sì ní túbọ̀mu. Wọ́n fi ike tó mọ́ gaara bò ó mọ́ ara páálí kan tó ti ṣá, tí etí rẹ̀ ti ká, bí ẹni pé ó ti wà nínú àpótí ẹnì kan láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi.

Mo yí páálí náà padà. Ìtàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní orúkọ akọni yìí ni Sheddad, Awakọ̀ Táráàmù. Lójúmọmọ, á máa gbé èrò láti Ramleh lọ sí Bahari. Tí ìjì bá ti bẹ̀rẹ̀, táráàmù rẹ̀ á kúrò lójú irin, á wọ inú òkun lọ, á lọ gba àwọn apẹja lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà abẹ́ omi, kò sì ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Ilé-Iṣẹ́ Ohun Ìṣeré Ẹyẹ Òkun, Kafr Ashri, Alẹkisáńdíríà, 1974.

Táráàmù ni bàbá mi wa títí ó fi kú. Mo dúró síbẹ̀, omi kún ojú mi, mi ò sì fẹ́ kí ọkùnrin náà rí i.

Mo ní, “Ó ṣeé ṣe kí bàbá mi ti rí irú èyí nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.”

Wagdi gbójú sókè. “Rárá o. Ọjọ́ Jímọ́ tó kọjá ni mo ṣe é tán.”

Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ọjà àlòkù ọjọ́ Jímọ́ lòun ti ra ọmọ ogun òkèèrè kan tí apá rẹ̀ ti yọ. Òun fi ayùn eyín gé akoto rẹ̀ kúrò, òun fi ìda mọ ojú tuntun, òun wá fi èròjà tí òun fi ń ṣe eyín ṣe fìlà. Páálí náà, òun tẹ̀ ẹ́ ni, òun rẹ ẹ́ sínú tíì, òun sá a sórí òrùlé, òun fi sáńpépà ha etí rẹ̀ títí ó fi dà bí ohun tí ọmọdé ti fọwọ́ pa láti ọdún gbọọrọ.

Mo ní, “Kí ló dé tẹ́ ẹ ń pa irọ́?”

“Tí mo bá fẹ́ tà á fún yín pé ti àtijọ́ ni, irọ́ nìyẹn. Mi ò tà á. Mo sọ fún yín kẹ́ ẹ tó béèrè.” Ó gbé eyín ìyá mi sílẹ̀. “Nígbà tí mo wà ní kékeré, òkèèrè ni gbogbo akọni wa ti ń wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ọ̀nà Bahari. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wa nígbà náà ni mo ń ṣe.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹwà nìkan ló ń mú èèyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi.

Eyín màmá mi wá bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Lọ́sẹ̀ yìí ó ń fún un, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ń yọ̀. Èmi ni mò ń gbé e lọ, èmi ni mò ń gbé e bọ̀, Wagdi ò sì ráhùn. Lọ́jọ́ kan màmá mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, “Nashwa, eyín mi ti mọ Muharram Bey ju èmi lọ. Ṣé eyín ló ń dùn mí ni, àbí ọkàn ló ń dun ìwọ?”

Àǹtí Iqbal, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gba ọ̀rọ̀ náà ṣe. Alárinà pọ́ńbélé ni Àǹtí Iqbal. Ìdajì àwọn tọkọtaya àdúgbò wa, òun ló so wọ́n pọ̀, kò sì sí èyí tó tú ká nínú wọn, ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka àdúà. Ó dìde, ó ní eyín ń dun òun, ó forí lé ọ̀dọ̀ Wagdi. Nígbà tó dé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó.

“Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mo bú u díẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá ó ń bínú, kò bínú. Ẹ jẹ́ kó wá.”

Wagdi wá. Ó gbé kéèkì wá, ó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Àlàájì Mesbah, ló jókòó síbi tí ó yẹ kí bàbá mi jókòó. Ilé-iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní èbúté ni Àlàájì fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó tó fẹ̀yìn tì. Àpótí alápòótí ló ń tú láti àárọ̀ dalẹ́. Ó bi Wagdi ní ìbéèrè díẹ̀, ó mi orí, ó wá sọ ohun tí gbogbo ilé máa ń sọ fún ọkọ ìyàwó, pé, “A ó béèrè nípa rẹ.” Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á lọ bá àwọn aládùúgbò, wọ́n á bi wọ́n bóyá ọmọ náà ń mutí, bóyá ó ń na ìyá rẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá dára, a ó ka Fátíhà, a ó mu omi ṣúgà pupa, ó parí.

Kí wọ́n tó béèrè tán ni Máólúdì bọ́ sí i. Ní ìlú wa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ gbé ọmọlangidi ṣúgà lọ fún un nígbà Máólúdì, èyí tí wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ páálí aláràbarà dé lẹ́yìn. Wagdi gbé e wá, ó tóbi débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi gba ẹnu ọ̀nà. Ó wá mú Sheddad jáde lápò.

Ó ní, “Èyí jẹ́ tìrẹ, torí bàbá rẹ.”

Ọwọ́ mi ò tíì kan páálí náà tí Àlàájì ti nawọ́ gbà á. Ẹ gbọ́ ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò wo ojú Sheddad. Kò rí fìlà awakọ̀, kò rántí pé àbúrò òun ti dé irú rẹ̀ rí. Ó yí ọmọlangidi náà padà bí ẹni ń yí ẹrù fàyàwọ́, ó ka àdírẹ́sì. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n yá èyí wò,” ó sì kì í bọ àpò. Mo rò pé ìtàn náà ló wù ú. Ká ní ó bi Wagdi ní ìbéèrè kan péré, ọ̀rọ̀ ì bá parí níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti fi gbogbo ayé tú àpótí kì í bi alápòótí léèrè, ó ti gbà pé irọ́ ni yóò pa fún òun.

Nígbà tó yá, Àlàájì pe ìpàdé sí yàrá àlejò wa. Màmá mi wà níbẹ̀, Àǹtí Iqbal wà níbẹ̀. Ó gbé Sheddad sórí tábìlì, ó nu ojú gíláàsì rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ yìí ò sọ fún wa pé ìdílé òun ní ilé-iṣẹ́.”

Mo ní, “Ilé-iṣẹ́ wo?”

“Ẹyẹ Òkun, ní Kafr Ashri. Ó wà lákọsílẹ̀. Mo lọ síbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi ní ó wà lẹ́yìn ilé ìkówùúsí. Mo débẹ̀, ilẹ̀ òfìfo ni mo bá.”

“Torí pé kò sí níbẹ̀ ni, Bàbá.”

“Torí pé ó ti jóná ni.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ojú rẹ̀ ò fi àwàdà hàn. Ó ní òun wọ ilé tíì tó wà nítòsí ibẹ̀, òun fi Sheddad han àwọn àgbààgbà tó jókòó síbẹ̀. Àlàájì kan tó ń jẹ́ Shehata ní òun mọ ilé-iṣẹ́ náà dáadáa, òun rí èéfín rẹ̀ pẹ̀lú ojú òun méjèèjì. Nígbà tí òun dárúkọ Wagdi, ó ní bàbá bàbá rẹ̀ ló ni ín. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣáná sí i, ó kó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ó bá ọkọ̀ òkun lọ sí Gíríìsì. Ìyàwó òṣìṣẹ́ kan ti ìbànújẹ́ kú.

Màmá mi fọwọ́ bo ẹnu. “Yéè. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ìlú wa fún yín. Lọ́dọ̀ wa, tí àlejò bá bi ọ́ ní ọ̀nà tí o ní o ò mọ̀ ọ́n, ó dà bíi pé o fi omi du ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ojú á tì ọ́. Nítorí náà a kì í sọ pé a ò mọ̀. A ó nawọ́ síbì kan. Àgbàlagbà tó bá wá san owó tíì fún gbogbo èèyàn, tó wá ń béèrè nípa ilé-iṣẹ́ àtijọ́, ṣé wọ́n á wá fi ọwọ́ òfìfo rán an lọ sílé? Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ fún un. Nígbà tó ní òun ò rí i, wọ́n dáná sun ún fún un. Gbogbo ọmọ ìlú wa ló mọ èyí, Àlàájì náà sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ohun tí èèyàn bá ti fẹ́ gbọ́, etí rẹ̀ kì í dí sí i.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Wagdi. Ó dé, ó gbọ́ ẹjọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́.

Ó ní, “Àlàájì, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan. Orí mi ni mo ti rò ó jáde. Èmi ni mo tẹ páálí náà.”

Àlàájì yíjú sí màmá mi. “Ẹ rí i? Ó ń sẹ́ bàbá bàbá rẹ̀. Ẹni tó lè sẹ́ bàbá bàbá rẹ̀, ṣé ìyàwó ni kò ní sẹ́?”

“Bàbá bàbá mi ò dé Gíríìsì rí, sà. Ọmọlanke ló ń tì kiri, ànàmọ́ sísun ló ń tà.”

“Ẹ tún gbọ́ èyí. Onílé-iṣẹ́ ti di alánàmọ́. Shehata rí èéfín.”

“Kí ló ń jó tí Shehata fi rí èéfín?”

“Ilé-iṣẹ́ yín!”

Mo rí i tí ojú Wagdi yí padà. Ó dìde, ó rọra sọ̀rọ̀. “Ẹ bú mi, mo gbà, àgbà ni yín. Àmọ́ ọkùnrin yẹn ti kú, kò lè gbèjà ara rẹ̀. Iná kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé rẹ̀ ni ti inú ọmọlanke rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá rẹ̀. Òun ló tọ́ mi. Ẹ ti pè é ní olè lójú mi.” Ó kí màmá mi, kò kí Àlàájì, ó jáde.

Àlàájì ní, “Ọ̀rọ̀ ti parí,” ó sì bu ṣúgà sínú tíì rẹ̀.

Àmọ́ n ò ní purọ́ fún yín, iyèméjì náà wá. Màmá mi ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé, “Tí kò bá sí iná, èéfín kì í rú.” Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ tuntun di àtijọ́ báyìí, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi tíì àti oòrùn tan ojú jẹ, kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀ gan-an ju ohun tó sọ fún mi lọ? Mo gbé Sheddad, mo wò ó títí. Mo wá rántí pé kí n tó béèrè ló ti sọ fún mi pé òun ni òun ṣe é. Òpùrọ́ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ojú tì mí fún àwọn ará ilé wa. Mo wọ táráàmù, mo lọ sí Muharram Bey.

Ó ń ṣiṣẹ́, kò gbójú sókè. Ó ní, “Mi ò ní wá sí ilé tí wọ́n ti bú òkú mi.”

“Mi ò ní kí o wá.”

“Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o gbà wọ́n gbọ́?”

“Tí mo bá gbà wọ́n gbọ́, kí ni mo wá ṣe níbí? Ṣé o rí eyín lọ́wọ́ mi ni?”

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo fa àga, mo jókòó tì í.

Mo ní, “Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.”

“Ṣe kí ni?”

“Ọmọlangidi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo fẹ́ ṣe.”

Kò fẹ́. Ó ní àgbà ni, ó ní ọmọ kì í fi àgbà ṣeré. Mo ní ṣé àgbà ló yẹ kó fi ìgbéyàwó ọmọ ṣeré ni? Àǹtí Iqbal, tó wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù náà, ló bá mi parí rẹ̀. Inú tirẹ̀ náà ò dùn rárá.

Ó ní, “Látìgbà tí mo ti ń ṣe alárinà, kò sí ilé tí wọ́n ti dá àlejò mi padà. Mesbah wá fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ torí èéfín. Gbé ìda wá, ọmọ mi. Mo mọ orí ọkọ mi.”

Báyìí ni àwa mẹ́ta ṣe jókòó sáàárín àwọn àgbọ̀n ẹfun. Wagdi wá ọmọ ogun mìíràn tó sanra díẹ̀. Èmi mọ ojú rẹ̀, mo bà á jẹ́, mo tún un mọ. Àǹtí Iqbal ló kun túbọ̀mu rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yọ ahọ́n síta bí ọmọ ilé-ìwé. Ó ní, “Ó ká sókè ju báyìí lọ nígbà tó ń fẹ́ mi.” Wagdi ní ohun kan ṣoṣo ni òun máa bẹ̀ wá, pé ká má ṣe kọ ohun búburú sẹ́yìn páálí náà. A ò kọ ọ́. Ohun tí a kọ ò ju èyí lọ: Mesbah, Ojú Àwòdì Kọ́sítọ́ọ̀mù. Kò sí ẹrù tí ojú rẹ̀ ò lè rí inú rẹ̀. Ilé-Iṣẹ́ Ẹyẹ Òkun, Kafr Ashri. A rẹ ẹ́ sínú tíì, a sá a sórí òrùlé.

Èmi àti Àǹtí Iqbal la jọ lọ sí ilé tíì Kafr Ashri. Obìnrin kì í sábà jókòó níbẹ̀, nítorí náà wọ́n gbé àga síta fún wa, àwọn bàbá sì yí wa ká. Mo béèrè Àlàájì Shehata. Bàbá kékeré kan tó ṣe jẹ́jẹ́ dá mi lóhùn pé òun ni, ẹlẹ́rìn-ín músẹ́ ni, èèyàn dáadáa ni lójú.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rántí akọni yìí?”

Ó gbé gíláàsì sójú. Kò tiẹ̀ ronú. “Mesbah Kọ́sítọ́ọ̀mù! Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Gbogbo ọmọdé ìgbà yẹn ló ní in. Akíkanjú èèyàn ni. Oníjó Port Said yẹn ló bà á jẹ́.”

Àǹtí Iqbal ní, “Oníjó wo?”

Bàbá kejì ní, “Èyí tó bí ìbejì fún un ni.”

Bàbá kẹta gbá tábìlì. “Ìbejì kọ́. Ọmọ kan ló bí. Má máa parọ́ mọ́ èèyàn.”

“Ìbejì ni, mo rí wọn.”

Shehata ní, “Ọmọ yòówù kó jẹ́, ó fi wọ́n sílẹ̀. Irun obìnrin náà pupa. Wọ́n ní ó ṣì máa ń dúró létí òkun títí di òní.”

Mo yíjú sí Àǹtí Iqbal kí a lè jọ rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọmọlangidi tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì rọra béèrè lọ́wọ́ bàbá náà pé, “Ṣé ó pupa gan-an?”

Ní ọjọ́ Jímọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun tán, Àlàájì Mesbah jókòó sí yàrá àlejò wa, ó ń jẹ ìrẹsì oníwàrà tí màmá mi sè. Àǹtí Iqbal gbé ọmọlangidi kejì síwájú rẹ̀.

“Mesbah, ta ni ìyá àwọn ìbejì?”

Ṣíbí dúró lẹ́nu rẹ̀. “Ìbejì wo?”

“Ti Port Said. Oníjó onírun pupa.”

“Ṣé ara rẹ dá, Iqbal? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Àlàájì Shehata, ní Kafr Ashri. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Ó tún ní ẹlẹ́rìí.”

Àlàájì fò dìde. “Shehata? Òpùrọ́ burúkú ni! Ẹnikẹ́ni tó bá ra tíì fún un ló ń ṣe ìtàn fún! Ó lè sọ ohunkóhun!”

Màmá mi gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Eyín tí Wagdi ṣe fún un ò yẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jáde ketekete.

Ó ní, “Àlàájì, ṣé Shehata tó rí èéfín yẹn náà ni?”

Mo rí i tí Àlàájì ń wá ibi tí yóò gbà jáde, kò sì rí i. Ẹni tó ta ọfà sókè tó yí odó borí, ọfà rẹ̀ ló ń padà bọ̀ yẹn. Ó yẹ kí n dákẹ́, kí n jẹ́ kí ojú tì í wọ́ọ́rọ́wọ́. Mi ò lè dákẹ́.

Mo ní, “Bàbá, ẹ gbà pé irọ́ ni nígbà tó kan yín. Nígbà tó kan alánàmọ́, òótọ́ ni. Ẹ lọ bi gbogbo Kafr Ashri, ẹ ò bi ọmọ tó jókòó níwájú yín. Àbúrò yín ló wa táráàmù. Èèyàn kan tí ò mọ̀ ọ́n rí ṣe ère rẹ̀ fún mi, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ ò wo ojú rẹ̀. Àdírẹ́sì lẹ kà.”

Ẹkún ló gba ìyókù lẹ́nu mi. Àlàájì jókòó padà. Ó pẹ́ kó tó nawọ́ mú Sheddad níbi tí mo gbé e sí, ó wá wo ojú rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa fìlà náà.

Ó ní, “Gaber àbúrò mi kì í tẹ fìlà sí òsì. Ọ̀tún ló máa ń tẹ̀ ẹ́ sí.”

Mo ní, “Wagdi á tún un ṣe.”

Ó ní, “Pè é kó wá.”

Wagdi ní òun ò ní wá, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe ohun kan. Àǹtí Iqbal gbé iṣẹ́ náà lọ, ó gbé èsì bọ̀, Àlàájì sì gbà. Nítorí náà Fátíhà méjì la kà lọ́jọ́ yẹn. Kí a tó ka ti èmi àti Wagdi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́wọ́ méjèèjì sókè níwájú gbogbo èèyàn, ó pe orúkọ Abdel-Mawgoud tó ń ta ànàmọ́ sísun, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ka Fátíhà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wagdi ò lè ṣe àmín, ẹkún ò jẹ́. Lẹ́yìn náà la tó mu omi ṣúgà pupa.

A ti ṣègbéyàwó báyìí. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí tí màmá mi kó àwo olówó iyebíye sí, àwo tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi jẹun láyé, Sheddad wà láàárín, fìlà rẹ̀ sì tẹ̀ sí ọ̀tún. Mesbah Ojú Àwòdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí Àlàájì bá wá kí wa, ó máa ń yí ìjókòó rẹ̀ padà kó má bàa kọjú sí i.

Àmọ́ kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àǹtí Iqbal ló kun túbọ̀mu yẹn. Ìṣojú rẹ̀ la ti rẹ páálí náà sínú tíì, ó sì mọ̀ bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀ pé a ò kọ oníjó kankan síbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà pẹ́, ó fa aṣọ mi, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí.

Ó ní, “Nashwa, ìwọ náà rò ó wò. Báwo ni Shehata ṣe mọ̀ pé irun oníjó yẹn pupa?”